Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti ọba nílùú ọba: ta ló ni ín, ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?

Ìyá Àkọ́bí, Woolwich:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Abèèrè kì í ṣìnà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tún ọ́fíìsì ṣe ní Regent Street. Ìdájí ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì. Tí mo bá fi máa débẹ̀, títì á ṣì dá páropáro, iná ojú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù nìkan ni yóò máa tàn, gbogbo ilé olókùúta yẹn á tò lọ bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló kọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọba ló ni gbogbo ibí yìí?" Mo délé, mo sọ fún àwọn ọmọ. Èyí àbúrò ní rárá o, tíṣà àwọn sọ pé ọba ti gbé gbogbo rẹ̀ fún ìjọba, owó ibẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwé àti ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò sókè pé irọ́ ni, owó orí wa ni ọba fi ń jẹun. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà lórí oúnjẹ.

Èmi tí mò ń fi ọwọ́ ara mi nu ilẹ̀ ilé yẹn, tí wọ́n sì ń yọ owó orí nínú owó oṣù mi, mo fẹ́ mọ òótọ́. Ta ló ni ilẹ̀ yẹn? Owó háyà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn ń san, ibo ló ń gbà lọ? Ẹ má fi èdè lọ́yà dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Akọ̀wé-owó, Croydon:

Ẹ kú ìbéèrè, màmá. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ jọ ń fà á nílé, kálukú yín ló di apá kan òótọ́ mú. Ohun tó da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ilẹ̀ oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ọba.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Ilé tí ọba ti kọ́ kó tó jọba, tirẹ̀ ni; tó bá wàjà, àwọn ọmọ rẹ̀ á pín in. Ààfin kò ṣeé pín, ìlú ló ni ín. Ilẹ̀ kan sì tún lè wà tó jẹ́ ti oyè: ẹni tó bá wà lórí oyè ni yóò máa jẹ èso rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ tà á ná. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbí.

Ti ìlú ni wọ́n ń pè ní Crown Estate. Òun ló ni Regent Street tí ẹ ń tún ṣe, òun ló ni ọ̀pọ̀ ilé ní St James's, Windsor Great Park, àwọn oko, nǹkan bí ìdajì etíkun, àti ìsàlẹ̀ òkun tó yí England, Wales àti Northern Ireland ká títí dé máìlì òkun 12. Orúkọ ọba ló wà nínú ìwé rẹ̀, àmọ́ ọba kò lè tà á, kò lè fi ṣe ogún fún ọmọ, kì í sì í ṣe òun ló ń darí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí òfin 1961 fún lágbára ló ń ṣe é. Ìgbìmọ̀ yẹn lè ta ilé kan kó fi owó rẹ̀ ra òmíràn, ṣùgbọ́n gbogbo èrè ọdọọdún, àpò ìjọba ló ń lọ.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Láyé àtijọ́, owó ilẹ̀ wọ̀nyí ni ọba fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, òun náà ló sì fi ń san owó àwọn adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó yá, owó náà kò ká a mọ́. Nígbà tí George Kẹta gorí ìtẹ́ ní 1760, òun àti ilé aṣòfin ṣe àdéhùn: ó fi èrè ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ń san iye kan pàtó fún un lọ́dọọdún. Gbogbo ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló tún àdéhùn náà ṣe, títí kan Charles Kẹta. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọn tí wọ́n bá ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọba ń ta wá lọ́rẹ. Lóòótọ́ ó gbé èrè sílẹ̀. Ó gbé ẹrù tó wà lórí èrè náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ti ara rẹ̀ pátápátá ni Balmoral, tí wọ́n rà ní 1852, àti Sandringham, tí wọ́n rà ní 1862. Ti oyè ni Duchy of Lancaster àti Duchy of Cornwall. Ibẹ̀ ni èdè-àìyedè pọ̀ sí, ẹlòmíràn á ṣàlàyé ìyẹn.

Ìyá Àkọ́bí, Woolwich:

Olúwa á bù kún yín, bọ̀dá. Ó ń yé mi bọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àpò ìjọba ló ń lọ, kí ló dé tí àkọ́bí mi fi ń sọ pé owó orí wa ni ọba ń gbà?

Akọ̀wé-owó, Croydon:

Torí pé ọ̀nà méjì ni owó náà fi ń rìn, màmá. Gbogbo èrè Crown Estate wọ àpò ìjọba. Lẹ́yìn náà ni ìjọba yọ owó kan láti inú àpò kan náà fún iṣẹ́ ọba: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ààfin, ìrìnàjò, àtúnṣe ilé. Sovereign Grant ni wọ́n ń pè é, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Wọ́n kàn ń fi èrè ilẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n láti mọ iye tí wọn yóò fún un ni: wọ́n á wo èrè ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n á sì mú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2017 wọ́n gbé e sí 25, nítorí àtúnṣe Buckingham Palace, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá £369 mílíọ̀nù lé. Láti 2024, ó ti di 12.

Ẹni tó ní owó ilẹ̀ ni, kò purọ́. Ẹni tó ní owó ìjọba ni, kò purọ́. Owó tó ti wọ àpò kan náà, ta ló tún lè yà á sọ́tọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù nìyí: kò sí pọ́n-ùn kan nínú owó Regent Street tí ẹ lè tọ lẹ́yìn dé ọsibítù kan báyìí. Tíṣà ọmọ yín sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n mú owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi kọ́ ilé ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú agbada ńlá pẹ̀lú owó orí yín àti owó VAT. Èrè Crown Estate ní 2023/24 jẹ́ £1.1 bílíọ̀nù. Owó ńlá ni, àmọ́ owó tí NHS England ń ná lọ́dún kan ju £160 bílíọ̀nù lọ. Gbogbo èrè ilẹ̀ ọba fún ọdún kan gbáko kò lè gbé ọsibítù wa kọjá ọjọ́ méjì àbọ̀.

Ọmọ Òṣogbo, Leeds:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò rí ìjà kankan níbẹ̀ o. Tí wọ́n bá fún ọba ní 12, tí aráàlú mú 88, ta ló tún ń ráhùn? Ọba ń ṣiṣẹ́, ó ń gba àlejò fún orílẹ̀-èdè, ilé tó ń gbé kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe. Nílé, ẹ̀bùn tí a ń kó lọ bá ọba nígbà ọdún kò níye. Àwa tí a mọyì oyè kò yẹ ká máa ka owó mọ́ ọba lọ́wọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Cardiff:

Àbúrò, mo bọ̀wọ̀ fún oyè bíi tìẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí òṣùwọ̀n yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Èrè Crown Estate ní 2022/23 jẹ́ £442.6 mílíọ̀nù. Ọdún kejì ó fò sókè di £1.1 bílíọ̀nù. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó bí ṣọ́ọ̀bù ní Regent Street láàárín ọdún kan. Òkun ni! Àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ri òpó afẹ́fẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun láti fi dá iná mànàmáná fọwọ́ sí àdéhùn ibi mẹ́fà ní oṣù kìn-ín-ní 2023, wọ́n sì ń san owó ìdúró lọ́dọọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọba fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n lo àlékún náà fún ànfààní gbogbo ènìyàn, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Wọ́n wá já ìdá 25 sí 12. Síbẹ̀, owó tí wọ́n fún ààfin gbéra láti £86.3 mílíọ̀nù lọ sí £132.1 mílíọ̀nù ní 2025-26, torí pé 12 nínú ohun tó ti wú ju 25 nínú ohun kékeré lọ. Ìjọba ní àtúnṣe ààfin ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé kí ló pa iṣẹ́ ọba pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí òkun? Tí ààfin bá ń jò, kí wọ́n ka iye páànù, kí ilé aṣòfin sì san án.

Èyí tó ń dun èmi gan-an ni ti ibi tí mò ń gbé. Láti 2017 ni Scotland ti ń darí tirẹ̀. Èrè ilẹ̀ àti òkun wọn ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba wọn ní Edinburgh, wọ́n sì ń pín nínú owó òkun fún àwọn káńsù etíkun. Abúlé tó ń wo òpó afẹ́fẹ́ láti ojú fèrèsé lè rí i pé wọ́n fi nínú owó náà tún èbúté òun ṣe. Wales kò ní ìyẹn. Ìjọba Wales ti bèèrè, ọ̀pọ̀ káńsù ti dìbò pé àwọn fẹ́ ẹ, London ní kò ṣeé pín. Òkun kan náà, omi kan náà ló ń bì lu èbúté méjèèjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Kennington:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti oyè, torí inú rẹ̀ ni mò ń gbé. Tí wọ́n bá ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Oval, ariwo rẹ̀ ń wọ yàrá wa. Ilẹ̀ tí pápá yẹn wà lórí rẹ̀, ti Duchy of Cornwall ni. Edward Kẹta ló dá Duchy yẹn sílẹ̀ ní 1337 fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kí àrólé ọba lè ní ohun tí yóò máa jẹ. William ló ń jẹ ẹ́ báyìí. Ti Lancaster, láti 1399 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó wà lórí ìtẹ́, Charles ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Regent Street. Ní 2023-24, Cornwall pa £23.6 mílíọ̀nù lérè, Lancaster pa £27.4 mílíọ̀nù. Owó yìí kò gba àpò ìjọba kọjá. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ ọba àti àrólé. Wọ́n ń san owó orí lórí rẹ̀ láti 1993, àmọ́ ìfẹ́ inú wọn ni, òfin ò fi dandan mú wọn, àwọn Duchy fúnra wọn kì í sì í san owó orí ilé-iṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá 2024, ìwé ìròyìn Sunday Times àti Channel 4 tú u wò, wọ́n sì fi hàn pé àwọn Duchy ń gba owó háyà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa, NHS àti ilé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀wọ̀n Dartmoor ni ẹ̀rí tó ṣe kedere jù lójú mi. Ilẹ̀ Duchy of Cornwall ló wà. Owó háyà rẹ̀ jẹ́ £1.5 mílíọ̀nù lọ́dún. Wọ́n sì ti kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò níbẹ̀ ní 2024 torí afẹ́fẹ́ olóró kan tó ń jáde láti inú àpáta. Ilé ṣófo, owó ń san, owó orí Ìyá Àkọ́bí ló ń san án, àrólé ọba ló ń gbà á.

Àbúrò Leeds, ibi tó yẹ ká tẹ̀ mọ́ nìyí. Ti Crown Estate, ó ti di ti ìlú tipẹ́, iye tí wọ́n ń yọ nìkan la lè jiyàn lé lórí. Ti Duchy, kò tíì sí ẹni tó ṣe àdéhùn 1760 fún un.

Ọmọ Òṣogbo, Leeds:

Mi ò mọ ti Dartmoor yẹn, kí n má purọ́. Mo gbà fún yín lórí ìyẹn. Kò dára.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó, Lewisham:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, inú mi ń dùn. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lásán ni. Ilẹ̀ Adé yìí kan náà, ìyẹn ilẹ̀ Crown, ti wọlé wá bá wa rí.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861 ni Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ọba òyìnbó, ọkọ̀ ogun wà lójú omi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ilẹ̀ Èkó ti di ilẹ̀ Adé. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀ Èkó kí òyìnbó tó dé. Olúwa ìgbà náà, Amodu Tijani, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ Èkó ní wọn yóò san fún ẹ̀tọ́ ìjòyè rẹ̀ nìkan, pé ilẹ̀ gan-an kì í ṣe tiwọn. Olóyè náà kò gbà. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí London níbí ní 1920, Herbert Macaulay tẹ̀ lé e, wọ́n mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èkó dání. Ní 1921 ni Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ìlú abẹ́ ọba òyìnbó, dá a láre. Wọ́n ní ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ mọ́ àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí, olóyè kàn ń dì í mú fún wọn ni. Kí ìjọba san owó rẹ̀ ní kíkún.

Ẹ̀yin ń bèèrè bóyá orúkọ ọba nínú ìwé túmọ̀ sí pé ọba ló ni ín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lábẹ́ ọba yẹn fúnra rẹ̀ ti dáhùn fún àwa ará Èkó ní 1921 pé orúkọ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ni ín wà lọ́tọ̀. Bàbá mi máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ pé Ẹlẹ́sì Odògbolù ló sọ nígbà kan: pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò lóǹkà.

Nílé lónìí, òfin ilẹ̀ 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, pé kó máa dì í mú fún aráàlú. Ẹ fi ìbéèrè tí ẹ ń bi ọba níbí bi gómìnà níbẹ̀ náà. Crown Estate ń tẹ ìwé owó rẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ọmọdé lè kà á. Owó ilẹ̀ tí a ń san nílé, ta ló ń fi ìwé rẹ̀ hàn wá?

Nọ́ọ̀sì, Manchester:

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tó ń kan àwọn ènìyàn wa lójoojúmọ́, tí a kì í kà sí ọ̀rọ̀ ọba. Ẹni tó bá kú níbí láìkọ ìwé ìhágún, tí wọn ò sì rí mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Adé ló ń jogún rẹ̀. Ilé, owó, gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ ní ibi púpọ̀ ní England àti Wales, àpò ìjọba ló ń lọ. Tó bá jẹ́ àgbègbè Lancashire àtijọ́, tí Manchester àti Liverpool wà nínú rẹ̀, Duchy of Lancaster ló ń gbà á. Tó bá jẹ́ Cornwall, Duchy of Cornwall. Wọ́n ní ìtọ́rẹ àánú ni èyí tó bá ṣẹ́ kù ń lọ, àmọ́ ní oṣù kọkànlá 2023, ìwé ìròyìn Guardian ròyìn pé Lancaster ti ná nínú owó irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀ láti tún ilé tí wọ́n ń fi háyà ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Leicester ló kú sí, kò níyàwó, kò bímọ, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Káńsù ló sin ín. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń wá àwọn ajogún kiri pe ìyá mi, wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé àwọn yóò mú ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọn ò sọ orúkọ òkú fún un kó tó fọwọ́ sí i. Ojú ìyá mi ti ń pọ́n láti fọwọ́ sí i, èmi ni mo dì í mú. A kọ̀wé sí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó irú ogún bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni orúkọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn, ìyá mi ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá wọn, bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe máa ń rí. Òyìnbó tó ń wo ìwé náà kò rí bí wọ́n ṣe jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. A ṣe ìwé ìbúra nílé ẹjọ́ ní Ìbàdàn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó gbà wá ni ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà, ti 1987. Màmá yọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, àbàwọ́n epo wà létí rẹ̀. Orúkọ gbogbo ọmọ méjèèje wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò wọn, ẹ̀gbọ́n dúró ní apá òsì, ìyá mi jókòó níwájú. A kó o pọ̀ mọ́ ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìbúra yẹn. Ó gba oṣù mẹ́rìnlá, àmọ́ wọ́n san án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù. Ẹni tó bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba, kó ṣe é láàárín ọdún 12 lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ètò ogún náà, wọn yóò fi èlé kún un. Wọ́n ṣì lè san án títí di ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú, láìsí èlé. Ọkọ tàbí aya ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ọmọ, òbí, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí àti àwọn ọmọ wọn. Àna kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìdána ní gbọ̀ngàn níbí tí ẹ kò lọ sí ríjísírì, òfin ibí kò ka yín sí tọkọtaya. Ẹ lọ ṣe é, kí ẹ sì kọ ìwé ìhágún.

Ìyá Àkọ́bí, Woolwich:

Áà, àǹtí, omi bọ́ lójú mi. Èmi náà ní ìwé ìsìnkú bàbá mi nínú báàgì kan níbì kan. Mà á wá a lálẹ́ yìí.

Lọ́yà ilé, Peckham:

Díẹ̀ ni tèmi, torí àwọn tó ṣáájú ti sọ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ tó ń gbé lórí rẹ̀ kò nílò lọ́yà. Lọ sí ojú òpó ìjọba ti Land Registry, san £7, wọn á fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ojú òpó aláfarawé tó ń gba ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wo apá tí wọ́n kọ B sí. Tó bá jẹ́ Crown Estate, wàá rí orúkọ ọba pẹ̀lú "in Right of His Crown". Tó bá jẹ́ Lancaster, wàá rí "in Right of His Duchy of Lancaster". Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ló máa sọ fún ọ bóyá àpò ìjọba ni owó ilẹ̀ rẹ ń lọ, tàbí àpò ọba.

Kí ẹ tó ra fúláàtì onílíìsì, ẹ ṣe èyí ná. Òfin tó ń jẹ́ kí onílíìsì fi ọdún kún líìsì rẹ̀ tàbí kó ra ilẹ̀ abẹ́ ilé rẹ̀ kò de Adé. Crown Estate ti ṣèlérí fún ilé aṣòfin pé àwọn yóò máa ṣe bí òfin náà ti wí, àmọ́ wọ́n yọ àwọn ibi kan sílẹ̀, pàápàá tó bá sún mọ́ ààfin àti ọgbà ọba. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín bèèrè ìyẹn lójú ìwé kí ẹ tó san owó kankan.

Ìkẹta, ẹ̀yin oníṣòwò. Tí Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bá yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ kúrò torí pé o kò fi ìwé ọdún ránṣẹ́, gbogbo ohun tó wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà di ti Adé lọ́jọ́ náà. Owó báńkì, ọkọ̀, ilé. Ọdún mẹ́fà lo ní láti dá orúkọ náà padà kí o tó rí i gbà. Ó kéré tán, ẹni méjì ló ń wá bá mi lórí èyí lọ́dọọdún, wọ́n á ní báńkì ló jí owó àwọn.

Ọmọ Òṣogbo, Leeds:

Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ti bọ̀dá mi gan-an nìyẹn! Ó pa ṣọ́ọ̀bù tì lọ́dún méjì sẹ́yìn, owó díẹ̀ ṣì wà ní báńkì. Ṣé kò tíì pẹ́?

Lọ́yà ilé, Peckham:

Kò tíì pẹ́ rárá. Kó kọ́kọ́ kó ìwé tó jẹ jọ, kó san owó ìtanràn rẹ̀, kó tó béèrè fún ìdápadà. Tó bá jẹ́ pé Leeds ni ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ìwé, ìjọba ni yóò bá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ Manchester, Duchy of Lancaster ni. Kó yẹ̀ ẹ́ wò kó má bàa kọ̀wé síbi tí kò yẹ.

Ìyá Àkọ́bí, Woolwich:

Ẹ kú ilé o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àwọn ọmọ lálẹ́ àná, àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Àbúrò fẹ́ kọ ọ́ fún tíṣà rẹ̀, ó ní òun yóò fi ti Èkó kún un torí tíṣà náà kò mọ̀ ọ́n. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé 1920 ni wọ́n dá ẹjọ́ yẹn tàbí 1921?

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó, Lewisham:

1921 ni ìdájọ́, ìyá wa. 1920 ni wọ́n wọ London. Sọ fún un pé kó kọ orúkọ náà dáadáa: Amodu Tijani, Olúwa.